Kí Ló Ń Ba Òǹwòran Lẹ́rù? Àgbéyẹ̀wò Fíìmù Apààyàn Olówó Kékeré, láti Ìdọ̀fin dé Òkè Òkun

Ìbòjú tí apààyàn inú fíìmù Halloween wọ̀ lọ́dún 1978 kò tó dọ́là méjì. Ìbòjú lásán ni, èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ṣe ní àwòrán ojú William Shatner, òṣèré orí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó ya fíìmù náà fi ọ̀dà funfun kùn ún, wọ́n fẹ ihò ojú rẹ̀, wọ́n sì gbé e wọ ẹni tó mú ọ̀bẹ. Nǹkan bí dọ́là 325,000 ni John Carpenter, olùdarí rẹ̀, ná sórí fíìmù náà látòkè délẹ̀, owó tó sì mú wọlé ju mílíọ̀nù 60 dọ́là lọ. Láti ìgbà náà ni irú fíìmù yìí ti di ọ̀nà tí ẹni tí kò lówó ń gbà wọ iṣẹ́ sinimá: apààyàn kan, ọ̀bẹ kan, ilé kan tó dá wà, àti àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan tí wọ́n á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi ku ẹyọ kan, tó sábà máa ń jẹ́ ọmọbìnrin.

Ẹni tó ń wo fíìmù yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ju ẹni tó yà á lọ. Mo sì fẹ́ dúró sí Ìdọ̀fin wò ó, àti àwọn ìlú tó yí i ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀ àti Èkìtì ní Ìpínlẹ̀ Kwara, nítorí pé àdúgbò yìí mọ ìbòjú, ó mọ ìtàn abanilẹ́rù, ó sì ti wá mọ apààyàn gidi. Ohun tó dá mi lójú lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti ń wo fíìmù láàárín àwọn ènìyàn mi ni pé ọ̀bẹ kọ́ ló ń ba òǹwòran wa lẹ́rù jù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí wọ́n pa ènìyàn, kí ẹ̀mí náà sì lọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má béèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìbòjú. Ọ̀sí, Òpin, Odò-Ọwá àti àwọn ìlú àyíká wọn jẹ́ ilé ìbòjú Ẹpa. Àwọn ọ̀gá agbẹ́gilére tí ayé mọ̀ ti ibẹ̀ jáde: Aréògún ti Ọ̀sí, Bándélé ọmọ rẹ̀, àti Bámigbóyè ti Odò-Ọwá, tí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún 2022 wọ 2023. Apá ìsàlẹ̀ ìbòjú Ẹpa, èyí tó bo orí ẹni tó gbé e, a máa ní ojú ràbàtà àti ẹnu gbàgàdà tó lè lé ọmọdé wọ abẹ́ ìró ìyá rẹ̀. Lókè orí náà ni wọ́n ń gbẹ́ jagunjagun orí ẹṣin sí, tàbí ìyá ọlọ́mọ pẹ̀lú àwọn ọmọ yí i ká. Ó wúwo gan-an. Ẹni tó gbé e ní láti fò gun orí òkìtì kan. Bó bá fò ó láìṣubú, inú gbogbo ìlú á dùn, bó bá kọsẹ̀, wọn kì í kà á sí àmì rere. Òǹwòran Ẹpa kì í jókòó lásán nígbà náà. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì ń fẹ́ kí ẹni tó ń bà á lẹ́rù yìí ṣe é yọrí. Ó mọ agbo ilé tí ìbòjú náà ti jáde. Ó mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ojú burúkú wà nísàlẹ̀, ìyá ọlọ́mọ wà lókè.

Ìbòjú Halloween kò ní nǹkan kan lókè. Ohun tí àwọn òǹwòran Amẹ́ríkà ń sọ pé ó bà wọ́n lẹ́rù jù nínú rẹ̀ nìyẹn: ojú funfun tí kò bínú, tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò ní ìdí kankan tó fi ń pànìyàn. Nígbà tí fíìmù náà parí, wọ́n ti yìnbọn fún apààyàn náà, ó ti já bọ́ láti òkè ilé, wọ́n wo ilẹ̀, òkú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Lọ́hùn-ún, ìyẹn ni adùn fíìmù náà. Ẹ gbé irú ìparí bẹ́ẹ̀ síwájú àwọn àgbà tó jókòó wo fíìmù nílé wa, ẹ ó gbọ́ ìbéèrè kan náà lẹ́nu wọn: kí ni wọ́n ṣe fún un? Wọ́n á dúró de apá kejì. Bí wọ́n bá sì sọ fún wọn pé ní apá kejì pàápàá kò ní kú, wọ́n á dìde lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ìtàn tí wọn kò parí ni lójú wọn, bí a tilẹ̀ ná mílíọ̀nù sórí rẹ̀.

Ibi tí òǹwòran wa ti kọ́ ìbéèrè yìí kò ṣòro láti rí. Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde lọ́dún 1979, Ọlá Balógun ló sì darí rẹ̀. Ògúndé fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀sẹ́túrá, babaláwo tó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Nígbà náà, àwọn oníṣẹ́ fíìmù Yorùbá ń gbé fíìmù wọn kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń fi í hàn lórí aṣọ funfun nínú gbọ̀ngàn, wọ́n sì ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Jimoh Aliu láti Òkè-Ìmẹ̀sí gbé Àrélù sórí tẹlifíṣọ̀n. Nínú rẹ̀ ni gbogbo ilé ti mọ Fádèyí Olóró, tí orúkọ rẹ̀ gidi ń jẹ́ Òjó Arówóṣafẹ́, àti Òrìṣàbùnmi, ọmọ Òlà níbí ní Kwara. Yẹkínì Àjíléyẹ ṣe Kòtò Ayé lọ́dún 1989. Kò sí èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ nínú gbogbo wọn. Iná àrá inú wọn jẹ́ ìlà tí wọ́n fà sórí àwòrán, àjẹ́ inú wọn sì jẹ́ obìnrin tó wọ aṣọ funfun tàbí dúdú, tí wọ́n fi àtíkè kùn lójú. Síbẹ̀ àwọn ọmọdé kò lè dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé lálẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá wò wọ́n tán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré tó ń kó ipa ìkà ni àwọn ènìyàn ń sá fún lójú pópó títí wọ́n fi darúgbó.

Ní gbogbo àwọn eré wọ̀nyẹn, ìkà kì í lọ láìjìyà. Karin Barber, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀lé ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí ní Òṣogbo, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2000 pé ẹ̀kọ́ ni àwọn òǹwòran ń sọ pé àwọn wá kọ́. Ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ni òǹwòran ń wá. Ó ń wá ìdájọ́. Nígbà tí Kenneth Nnebue gbé Living in Bondage jáde ní èdè Igbo lọ́dún 1992, àwọn tí kò gbọ́ Igbo rárá náà wò ó, nítorí ìtàn náà kò fẹ́ ògbufọ̀. Andy fi Merit, ìyàwó rẹ̀, ṣe ètùtù owó. Owó dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí Merit kò jẹ́ kó gbádùn rẹ̀, títí orí rẹ̀ fi dàrú. Merit kò mú ọ̀bẹ, kò sì lé ẹnikẹ́ni kiri. Ó kàn ń yọjú ni. Bó bá ti yọjú báyìí, gbogbo yàrá á pariwo, ariwo náà sì ní ayọ̀ nínú, nítorí ẹni tí wọ́n pa ti padà wá béèrè.

Mo ti sọ pé olówó kékeré ni àwọn fíìmù yìí. Ọ̀pọ̀ alárìíwísí ló rò pé ibi tí owó ti tán ni ẹ̀rù náà ti ń tán. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú fíìmù wa lè jẹ́ omi aláró pupa tó pupa ju bó ṣe yẹ lọ, ọfà lè máa mì nínú aṣọ, òkú lè máa mí. Àwọn òǹwòran á rí i, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní "ó ṣì ń mí o!" Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, bí ìyá òkú náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àwọn tó rẹ́rìn-ín yẹn náà á dákẹ́. Ṣokoléètì olómi ni Alfred Hitchcock fi ṣe ẹ̀jẹ̀ nínú Psycho lọ́dún 1960, nítorí pé fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun ni. Tobe Hooper fi nǹkan bí dọ́là 140,000 ya The Texas Chain Saw Massacre ní 1974, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò sì pọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn ń búra pé àwọn rí i tó ń ṣàn. Orí òǹwòran ló ń ṣe èyí tó kù. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kò fún fíìmù yẹn ní ìwé àṣẹ títí di 1999. Lọ́dún 1984 ni wọ́n ti ṣe òfin lórí fíìdíò níbẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ìwé ìròyìn ti pariwo pé àwọn káṣẹ́ẹ̀tì adẹ́rùbani ń ba àwọn ọmọdé jẹ́.

Àwọn kan wà tí ara ni wọ́n fi ń dáhùn irú fíìmù yìí. Nígbà tí Terrifier 2 dé ilé sinimá Amẹ́ríkà ní oṣù kẹwàá 2022, ìròyìn gbé e pé àwọn òǹwòran ń dákú, àwọn mìíràn ń bì. Dọ́là 250,000 ni Damien Leone fi yà á, díẹ̀ nínú owó náà sì jẹ́ èyí tí àwọn olólùfẹ́ fíìmù dá jọ. Ìròyìn ìdákú yẹn gan-an ló tún ń fa èrò wá. Àwọn tó ń gbé fíìmù kiri ní Gánà mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń gbé tẹlifíṣọ̀n àti jẹnẹrétọ̀ sínú ọkọ̀ lọ sí àwọn abúlé, tí wọ́n ń rán àpò ìyẹ̀fun méjì pọ̀ fún ìpolówó, tí àwọn ayàwòrán sì ń ya orí tí wọ́n bẹ́, ejò tó ń jáde lẹ́nu ènìyàn, àti ohun mìíràn tí kò tilẹ̀ sí nínú fíìmù náà, sórí rẹ̀. Ní Wakaliga, àdúgbò kan ní Kampala ní Uganda, Isaac Nabwana fi owó tí kò tó dọ́là 200 ya Who Killed Captain Alex? ní 2010. Ohùn ọkùnrin kan wà lórí fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó ń ṣàwàdà, tó ń kìlọ̀ fún òǹwòran pé ìjà ń bọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn yẹn, kò ṣàjèjì sí mi. Ohun tí ẹ̀gbọ́n tó ti wo fíìmù tẹ́lẹ̀ máa ń ṣe nínú pálọ̀ wa ni: "Ẹ wò ó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí ló máa pa á."

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ sórí pálọ̀ náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ìlú bí Ìdọ̀fin, ènìyàn kì í dá wo fíìmù abanilẹ́rù. Ilé ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń pé sí, àgbà lórí àga, ọmọdé nílẹ̀, àwọn tí kò ráyè wọlé lójú fèrèsé. Wọ́n ń bá tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀. "Sá! Ó wà lẹ́yìn rẹ!" "Má jẹ ẹ́ o, ọmọ, oúnjẹ yẹn kò dáa!" Ìyá kan á ní "Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i", gbogbo ilé á sì ṣe àmín láìgbé ojú kúrò. Ẹni tó bá wo èyí láti ìta lè rò pé wọn kò mọ̀ pé eré ni. Wọ́n mọ̀ dáadáa. Wọn kò kàn lè jókòó kí wọ́n máa wo ẹni tó wà nínú ewu láìké sí i ni. Bí a ṣe tọ́ wọn nìyẹn.

Èyí náà ló mú kí fíìmù apààyàn ti òkè òkun máa ṣòro gbà gbọ́ fún wa. Ilé inú rẹ̀ dá wà nínú igbó. Ọmọbìnrin náà ké, kò sí ẹni tó gbọ́. Níbo nìyẹn? Nínú agbo ilé wa, bí ènìyàn bá ké "ẹ gbà mí o" lóru, ilẹ̀kùn mẹ́wàá á ṣí. Nítorí náà, nígbà tí àwọn tiwa bá fẹ́ ṣe fíìmù abanilẹ́rù, inú ilé ni wọ́n ń fi apààyàn sí: orogún, ìyá ọkọ, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń jẹun. Òde kọ́ ni ewu ti ń bọ̀. Ẹni tó máa dáhùn ariwo rẹ ni ewu náà. Mo rò pé ẹ̀rù tó jinlẹ̀ ju ti ọkùnrin oníbòjú lọ fíìfíì ni èyí.

Àwọn ọ̀dọ́ onífíìmù tó wá mọ èyí ti ń fi í ṣiṣẹ́. C.J. Obasi ya Ojuju láìní owó kankan tó ṣe é kà, ní àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Èkó, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn fíìmù Nàìjíríà tó dára jù níbi àjọ̀dún AFRIFF 2014. Omi tí gbogbo àdúgbò ń pọn ni ó sọ àwọn ènìyàn di ẹranko níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé ní ibi tí omi ti ṣọ̀wọ́n kò nílò àlàyé. Dare Olaitan gbé Ile Owo jáde ní 2022, lórí ọmọbìnrin tó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé olówó kan. Èrò inú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó pẹ́ jù kó tó fi hàn wá ohun tí a ti mọ̀. The Weekend, tí Daniel Oriahi darí, tí wọ́n sì fi hàn ní àjọ̀dún Tribeca ní New York lọ́dún 2024, ló sún mọ́ fíìmù apààyàn jù nínú gbogbo wọn: obìnrin kan rọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé kí àwọn lọ kí àwọn òbí ọkùnrin náà, tí òun fúnra rẹ̀ ti sá fún. Gbogbo ohun tí obìnrin náà ṣe ni ìyàwó ilé rere máa ṣe. Ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fi tọ́ ọ ló gbé e lọ sínú ewu. Fíìmù yìí ni mo fi ṣíwájú.

Ẹ̀gbẹ́ kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bàjẹ́, kò sì yẹ ká bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn olùtajà fíìmù ti mọ̀ pé òǹwòran fẹ́ ìdájọ́, wọ́n sì ti rí ọ̀nà láti fi í ṣòwò. Wọ́n á fi ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún hàn wá bí ọmọkùnrin ṣe fi orí ènìyàn ṣe owó, bó ṣe ra mọ́tò, bí àwọn ọmọge ṣe ń wọ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tí díìsìkì ṣì ń tà, ìdájọ́ wà ní apá kejì, nínú díìsìkì mìíràn tí a ní láti fi owó mìíràn rà, ìṣẹ́jú márùn-ún péré sì ni: pásítọ̀ dé, ó gbàdúrà, ó parí. Ẹni tí kò ra apá kejì, ọrọ̀ nìkan ló rí. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù àti fíìdíò ní Nàìjíríà, tí òfin 85 ti 1993 dá sílẹ̀, kéde ní oṣù karùn-ún 2024 pé àwọn ti ṣe ìlànà tó ka gbígbé ètùtù owó àti ìpànìyàn fún ètùtù lárugẹ nínú fíìmù léèwọ̀. Àwọn onífíìmù kan bínú. Èmi wà lẹ́yìn ìgbìmọ̀ náà lórí ọ̀rọ̀ "gbígbé lárugẹ" yìí, bí wọn kò bá ti lò ó láti dí ẹni tó ń sọ òtítọ́ lẹ́nu. Living in Bondage kò lè kọjá bí wọ́n bá ka ètùtù nìkan sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó ni ẹni tí wọ́n pa fi wà lójú wa, ìṣẹ́jú mélòó sì ni owó fi wà lójú wa? Ohun tí ó yẹ kí wọ́n máa wọ̀n nìyẹn.

Ní báyìí, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó mú kí n kọ àgbéyẹ̀wò yìí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin ní Kòrò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì níbí, wọ́n pa Olúkòrò, Ọ̀gágun-fẹ̀yìntì Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá 2025, àwọn agbébọn tún wọ ìjọ Àpọ́sítélì Kristi ní Erúkú, ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọ́sìn wọ igbó lọ. Ènìyàn 38 ni wọ́n rí gbà padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Kámẹ́rà tí ìjọ náà fi ń gbé ìsìn jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé. Nítorí náà gbogbo Nàìjíríà rí i: àwọn tó ń kọrin, ìró ìbọn, àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ àga, àwọn ọkùnrin tó ń rìn láàárín wọn. Fíìdíò náà wọ inú fóònù tí a fi ń wo fíìmù Yorùbá, ó tò sáàárín wọn.

Bí àwọn ènìyàn ṣe wò ó kò jọ bí wọ́n ṣe ń wo fíìmù rárá. Kò sí ẹni tó kígbe "sá." Wọ́n wò ó ní ìdákẹ́jẹ́, ọ̀pọ̀ kò wò ó parí, àwọn mìíràn ń dá a padà láti wá ojú ẹni tí wọ́n mọ̀. Ariwo wọn kò wúlò mọ́, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́wàá lè ṣí, ìbọn ló máa pàdé wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tí fíìmù òkè òkun ti ń sọ fún wa tí a kò gbà gbọ́ ti dé ọ̀dọ̀ wa: apààyàn tí a kò mọ ilé rẹ̀, tó jáde látinú igbó, tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti bá wa sọ, tó sì padà síbẹ̀.

Àwọn kan ti ń sọ pé ẹni tó ti rí irú èyí kò ní fẹ́ wo fíìmù apààyàn mọ́ láé. Ohun tí mo ń rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbàlagbà ń pa á tì, lóòótọ́. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ẹ̀jẹ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń wò ó, wọ́n sì ń wo èyí tó ní ìdájọ́ jù lọ. Wọ́n ń wo ibi tí wọ́n ti mú apààyàn náà, tí wọ́n bọ́ ìbòjú rẹ̀, tí wọ́n rí ojú rẹ̀, tó jẹ́wọ́. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni wí nítorí pé ó ń wá nínú fíìmù ohun tí kò tíì rí ní kóòtù.

Àwọn ọ̀dọ́ wà ní Ìdọ̀fin, ní Ìlọ́fà, ní Ọ̀sí, tí wọ́n ní fóònù tó ń ya àwòrán dáadáa ju kámẹ́rà tí Nnebue lò ní 1992 lọ. Láìpẹ́, ọ̀kan nínú wọn máa ya fíìmù apààyàn tirẹ̀. Èmi yóò wò ó. Mo bẹ̀ ọ́, ìwọ tó máa yà á: má fi ojú àwọn ará Erúkú tàbí ààfin Kòrò ṣe pátákó ìpolówó, àwọn ọmọ òkú ṣì ń gbé láàárín wa. Fún ẹni tí wọ́n pa ní orúkọ, ní ilé, ní ìyá, kí ọ̀bẹ tó yọ. Jẹ́ kí àwọn tó gbọ́ ariwo rẹ̀ jáde wá, bí wọn kò tilẹ̀ lè gbà á là. Kí o sì rí i dájú pé ẹnì kan dìde nínú ìtàn náà tó béèrè ẹ̀mí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó pa á, tó sì béèrè títí wọ́n fi dá a lóhùn. Bí o bá ṣe èyí, lo omi aláró pupa tó bá wù ọ́.